Mouse Kì Í Ṣe Ẹ̀ṣẹ̀: Ọ̀rọ̀ Mi Fún Ẹ̀yin Ará Vim

1/ Ọ̀rọ̀ yìí á gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á. Nǹkan kékeré kan wà tí àwa tá à ń kọ code ti sọ di ńlá: ṣé ó yẹ kéèyàn máa lo mouse nínú editor tó ń ṣiṣẹ́ nínú terminal, bíi Vim, Neovim àti nano? Èsì tèmi ni pé ó yẹ, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Ohun tó burú ni bá a ṣe máa ń fi àwọn tó ń lò ó ṣe yẹ̀yẹ́. Mo mọ̀, torí èmi náà ti ṣe é.

2/ Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Ọmọ àǹtí mi kan wà n'Ìbàdàn, obìnrin ni, mo fi ọdún mẹ́rin jù ú lọ. "Bọ̀dá mi" ló máa ń pè mí. Ó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ó sì fẹ́ yí nǹkan kan padà nínú fáìlì kan tó wà lórí server. Nọ́ńbà port ló fẹ́ fi sí i. Èmi ni mo ní kó fi Vim ṣí i, torí Vim lèmi ń lò, mo sì fẹ́ kó mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun mọṣẹ́.

3/ Ó ṣí fáìlì náà. Ó gbé mouse lọ sórí ìlà tó fẹ́, ó tẹ̀ ẹ́. Cursor ò kúrò lórí ìlà àkọ́kọ́, àmọ́ òun ò mọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ "port". Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Vim ti mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Tó o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Vim, lẹ́tà kì í ṣe lẹ́tà, àṣẹ ni. "p" ní kí Vim lẹ ohun tó wà nípamọ́, kò sì sí nǹkan kan nípamọ́. "o" ní kó ṣí ìlà tuntun. Bí "rt" ṣe lọ jókòó sí ìlà kejì fáìlì nìyẹn, níbi tí ẹnikẹ́ni ò rán an.

4/ Ó kọ̀wé sí mi lórí WhatsApp: "Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, mo tẹ ibi tí mo fẹ́ àmọ́ kò lọ síbẹ̀. Ṣé kọ̀ǹpútà mi ti bàjẹ́ ni?" Kí ni mo fi dá a lóhùn? "Mouse? Nínú Vim? Ọmọ yìí, o ò tíì ṣe tán." Kò tán síbẹ̀. Mo ya screenshot ọ̀rọ̀ náà, mo gbé e sínú group wa. Ẹ̀rín sọ. Sticker lóríṣiríṣi. Ẹnì kan ní ká lọ ra síléètì àti ṣọ́ọ̀kì fún un. Mo ti gbàgbé pé èmi fúnra mi ni mo fi òun náà sínú group ọ̀hún lóṣù tó ṣáájú.

5/ Kò bá mi jà. Kò sọ nǹkan kan. Ó kàn fi group sílẹ̀. Nígbà tí mo kí i lọ́jọ́ kejì, ó dáhùn pé: "Ẹ kú iṣẹ́, sà." Sà! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àbúrò, ẹ mọ̀ pé tí ẹni tó ń pe èèyàn ní "Bọ̀dá mi" bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ "sà", nǹkan ti bàjẹ́ nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni kò fi béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ mi.

6/ Inú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara mi pé: ta ló tiẹ̀ kọ́kọ́ sọ fún mi pé mouse ò gbọdọ̀ wọ terminal? Kò sẹ́ni tó jókòó ṣàlàyé ẹ̀ fún mi. Ibi tí mo ti kọ́ṣẹ́ ni wọ́n ti fi èmi náà ṣe yẹ̀yẹ́. Mo gbà á, mo gbé e lọ sílé, mo sì fi lé ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́. Ó yá, ẹ jẹ́ ká wo ibi tí òfin yìí ti wá gan-an.

7/ Lọ́dún 1976, ní yunifásítì Berkeley ní California, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Bill Joy kọ vi, tó jẹ́ bàbá Vim. Terminal tó ń lò ni ADM-3A. ADM-3A ò ní mouse. Kò tiẹ̀ ní bọ́tìnì ọfà lọ́tọ̀. Orí bọ́tìnì h, j, k àti l ni wọ́n ya ọfà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí. Ìdí nìyẹn tá a fi ń fi hjkl rìn nínú Vim títí dòní. Kì í ṣe pé ẹnì kan jókòó, ó rò ó títí, ó wá ní ọ̀nà tó dáa jù láyé nìyí. Ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ ló lò.

8/ Nǹkan míì tún wà. Bill Joy ti sọ nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kan pé òun fẹ́ kí vi ṣeé lò lórí modem 300 baud. Ìyẹn máa ń gbé nǹkan bí lẹ́tà 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ojú ADM-3A sì gba ìlà 24, lẹ́tà 80 lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣe ìṣirò ẹ̀: 24 lọ́nà 80 jẹ́ 1,920. Kí ojú ẹ̀ tó kún tán, á ti lé ní ìṣẹ́jú kan. Tó bá jẹ́ ìwọ nìyẹn, ìwọ náà á fẹ́ kí àṣẹ kọ̀ọ̀kan jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo.

9/ Mouse ti wà láyé nígbà yẹn o. Ọjọ́ 9, oṣù Kejìlá, ọdún 1968 ni Douglas Engelbart fi í han àwọn èèyàn ní San Francisco. Àmọ́ kò tíì dé ọwọ́ gbogbo èèyàn. Torí náà, ẹni tó bá sọ pé "vi ò fẹ́ mouse" ń purọ́ mọ́ vi. Vi ò rí mouse ni. Ẹni tí ò rówó ra ẹran ò lè sọ pé ààwẹ̀ lòun ń gbà.

10/ Ká wá sórí Vim fúnra ẹ̀. Bram Moolenaar, ọmọ Netherlands, ló gbé e jáde lọ́dún 1991. Kọ̀ǹpútà wo ló kọ́kọ́ ṣe é fún? Amiga. Amiga sì rèé, ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi mouse lò ni. Ìyẹn ni pé ilé tí mouse wà ni wọ́n bí Vim sí. Nígbà tó yá, wọ́n fi àyè mouse sínú Vim tó ń ṣiṣẹ́ nínú terminal pẹ̀lú, wọ́n sì kọ àlàyé ẹ̀ sínú ìwé ìrànlọ́wọ́. Ẹ kọ :help mouse-using kẹ́ ẹ fojú ara yín rí i.

11/ Ohun tí mouse lè ṣe nínú Vim kì í ṣe kékeré. Kọ :set mouse=a, kó o wá dán ìwọ̀nyí wò:
– tẹ ibì kan, cursor á lọ síbẹ̀
– tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, á mú odidi ọ̀rọ̀. Lẹ́ẹ̀mẹta, á mú odidi ìlà
– yí wíìlì, ìwé á lọ sókè tàbí sísàlẹ̀
– tó o bá pín ojú Vim sí méjì, fa ìlà tó wà láàárín, apá kan á fẹ̀, apá kejì á kéré
– tẹ orúkọ tab lókè, wàá bọ́ sínú ẹ̀
Ẹni tó kórìíra mouse ò ní jókòó ṣe gbogbo èyí.

12/ Kí ló wá dé tí mouse àbúrò mi ò ṣiṣẹ́? Ibí yìí ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Nínú terminal, mouse ní ọ̀gá méjì. Ọ̀gá àkọ́kọ́ ni terminal fúnra ẹ̀: tó o bá fa mouse lórí ọ̀rọ̀, terminal á kùn ún láwọ̀ kó o lè kọ́pì ẹ̀. Editor ò mọ̀ rárá pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ọ̀gá kejì ni editor, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí terminal pé "jọ̀ọ́, máa fi ọ̀rọ̀ mouse tó mi létí". Àbúrò mi tẹ mouse, terminal gbà á, Vim ò gbọ́. Ọmọ náà ò ṣe àṣìṣe kankan.

13/ Ó ku èyí tó ń dójú tì mí jù. Vim 8.0, tó jáde lọ́dún 2016, ti bẹ̀rẹ̀ sí í tan mouse fúnra ẹ̀ fún ẹni tí kò bá ní vimrc tiẹ̀. Ká ní mo fi àbúrò mi sílẹ̀ pẹ̀lú Vim lásán ni, ó ṣeé ṣe kí mouse ẹ̀ ṣiṣẹ́. Àmọ́ mo ti fún un ní vimrc tèmi, èyí tí mo kọ set mouse= sí, tí mo fi pa mouse pátápátá. Èmi ni mo ti ilẹ̀kùn, èmi náà ni mo tún ń fi ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn rẹ́rìn-ín.

14/ Neovim náà ti yí ọkàn padà. Láti Neovim 0.8, lọ́dún 2022, mouse ti máa ń wà ní títàn láìjẹ́ pé o fọwọ́ kan nǹkan kan. Wọ́n tiẹ̀ fi mẹ́nù sí i: tẹ bọ́tìnì ọ̀tún, á jáde. Ọ̀kan lára ohun tó wà nínú mẹ́nù yẹn ni "How-to disable mouse". Ẹ rí ọgbọ́n àwọn èèyàn yẹn? Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí fún àlejò. Ẹ̀yin onílé tẹ́ ẹ bá fẹ́ tì í, kọ́kọ́rọ́ rèé. Ó yẹ kó rí bẹ́ẹ̀.

15/ Mi ò ní tan yín. Tó o bá tan mouse nínú editor, nǹkan kan á yí padà: kọ́pì tó o máa ń ṣe lọ sínú browser ò ní rí bíi ti tẹ́lẹ̀, torí editor ti gba mouse lọ́wọ́ terminal. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti máa ń pariwo pé "mouse ti ba Vim mi jẹ́". Kò bà á jẹ́. Di Shift mú kó o tó fa mouse, terminal á gbà á padà fúngbà díẹ̀. Lórí Mac, nínú iTerm2, Option ni wàá dì mú. Bọ́tìnì kan péré ni gbogbo ariwo yẹn.

16/ Àléébù míì tún wà. Ọ̀nà àtijọ́ tí terminal ń gbà sọ ibi tó o tẹ̀ ò lè kà kọjá kọ́lọ́ọ̀mù 223. Tí ojú ẹ̀rọ ẹ bá fẹ̀ gan-an, wàá tẹ apá ọ̀tún pátápátá, kò ní dáhùn. Nínú Vim, :set ttymouse=sgr ló ń yanjú ẹ̀. Mo ń sọ èyí kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé àwọn ẹ̀gbọ́n tó ní mouse ò ṣeé gbára lé nínú terminal ò kàn máa sọ̀rọ̀ lásán. Nígbà kan, òótọ́ ni. Àmọ́ wọ́n ti tún un ṣe.

17/ Ó yá, ká gbọ́ ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan mouse. Àkọ́kọ́: "Ó ń fi àkókò ṣòfò." Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà sọ ọ́. Lọ́dún 1983, Stuart Card, Thomas Moran àti Allen Newell gbé ìwé kan jáde lórí bí èèyàn ṣe ń lo kọ̀ǹpútà. Wọ́n wọn àkókò tí nǹkan kọ̀ọ̀kan ń gbà. Ẹni tó mọ títẹ̀ dáadáa ń lo ìṣẹ́jú àáyá 0.2 láti tẹ bọ́tìnì kan. Láti gbé ọwọ́ láti orí kíbọ́ọ̀dù lọ sórí mouse: 0.4. Láti gbé mouse lọ síbi tó o fẹ́: 1.1. Láti ronú kó o tó ṣe nǹkan: 1.35.

18/ Ká ní cursor wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ìlà kan, mo sì fẹ́ lọ sórí ọ̀rọ̀ kan tó wà ní ìlà 18 sí ìsàlẹ̀, láàárín ìlà.
Mouse: gbé ọwọ́ lọ 0.4, gbé mouse débẹ̀ 1.1, tẹ̀ ẹ́ 0.2, dá ọwọ́ padà 0.4. Àpapọ̀ jẹ́ 2.1.
Kíbọ́ọ̀dù: 18j jẹ́ ìtẹ̀ mẹ́ta, f àti lẹ́tà kan jẹ́ ìtẹ̀ méjì. Ìtẹ̀ márùn-ún jẹ́ 1.0. Fi ìrònú 1.35 kún un, ó di 2.35.
Yọ ìrònú kúrò, ó ku 1.0 péré.

19/ Ṣé ẹ rí i báyìí? Kì í ṣe ọwọ́ ló ń pẹ́, orí ni. Ẹni tó ti lo Vim fọ́dún márùn-ún kì í ronú mọ́, ọwọ́ ẹ̀ ti mọ̀nà. Kíbọ́ọ̀dù máa yá òun jù, mi ò jiyàn. Àmọ́ ẹni tó dé lánàá á rò ó, á tún un rò, á ka ìlà, á ṣì í kà, á tẹ̀ ẹ́, á tún pa á rẹ́. Tó o bá ní kó má lo mouse, kì í ṣe ìyára lo fún un. Ìdádúró lo fún un, o wá sọ ọ́ lórúkọ ìyára.

20/ Ibi tí kíbọ́ọ̀dù ti ń borí, ó ń borí gan-an o. Tí cursor bá wà nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sáàárín àmì "", tó o tẹ ci", gbogbo ohun tó wà láàárín á pa rẹ́, wàá sì máa kọ tuntun lọ. Tó o bá ṣe àtúnṣe kan, tó o fẹ́ ṣe irú ẹ̀ níbòmíì, àmì ìdánudúró kan ṣoṣo ti tó. Tó o bá ń wá ọ̀rọ̀ nínú fáìlì ńlá, kò sí mouse tó lè bá / díje. Torí náà, ẹ kọ́ Vim. Ẹ kọ́ ọ dáadáa. Ẹnu mi ò sọ pé kẹ́ ẹ má kọ́ ọ.

21/ Àmọ́ títẹ̀ nìkan kọ́ niṣẹ́ wa. Kíkà wà níbẹ̀, ó sì pọ̀. Tí mo bá ń ka code ẹlòmíì, tí búrẹ́dì wà lọ́wọ́ òsì mi, wíìlì mouse ló rọrùn fún mi jù. Tí mo bá ń fi code han ẹnì kan lórí ìpè, kí n kàn tẹ ibi tí mò ń sọ sàn ju kí n máa ké pé "ìlà 212, rárá, lókè díẹ̀, o ti kọjá ẹ̀". Tí mo bá fẹ́ kí apá kan ojú Vim fẹ̀ sí i, mo fà á, ó tán. Kí ló wá kan ẹ̀ṣẹ̀ nínú ìyẹn?

22/ Ẹ̀sùn kejì: "Server ò ní mouse." Òótọ́ ni, kò ní. Kò ní kíbọ́ọ̀dù náà. Tó o bá gba ssh wọ server, baìtì ló ń lọ síbẹ̀. Terminal tó wà níwájú ẹ ló ń sọ ibi tó o tẹ̀ di baìtì, ọ̀nà kan náà tí lẹ́tà ń gbà lọ ló sì ń gbà. Server tó wà ní Jámánì á gbọ́ mouse tó o tẹ̀ nínú yàrá ẹ l'Ógbòmọ̀ṣọ́. Ohun tó ṣe pàtàkì ni kí editor tó wà lọ́hùn-ún ti béèrè fún un.

23/ Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa tá a jọ mọ̀ yìí. Lọ́jọ́ tó bá ń fà bí ìgbín, wíìlì tó o yí lẹ́ẹ̀mẹwàá á rán iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá, server á sì máa da ìlà tuntun padà sí ẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, wàá jókòó máa wò ó. Ṣùgbọ́n 180G á lọ lẹ́ẹ̀kan, á dé ìlà 180 lẹ́ẹ̀kan. Lọ́jọ́ yẹn, Bill Joy pẹ̀lú modem ẹ̀ ló jàre. Ìdí gidi nìyẹn láti mọ kíbọ́ọ̀dù. "Kí wọ́n má bàa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́" kì í ṣe ìdí.

24/ Ẹ̀sùn kẹta: "Tó bá fi mouse bẹ̀rẹ̀, kò ní kọ́ kíbọ́ọ̀dù láéláé." Ta ló ń kọ́ ọmọ ní ìrìn tó ní kó má di ògiri mú? Ọmọ á di ògiri mú, á di àga mú, lọ́jọ́ kan á gbàgbé láti dì í mú. Àwọn tí mo mọ̀ tó sá fún Vim, mouse kọ́ ló lé wọn. Ọjọ́ kìíní ló lé wọn, nígbà tí wọn ò mọ bí wọ́n ṣe máa jáde, tí gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n sì dúró tì wọ́n, tó ń rẹ́rìn-ín.

25/ Ẹ tún rántí àwọn tó ń fi fóònù kọ́ code. Wọ́n wà láàárín wa, torí kì í ṣe gbogbo èèyàn ló rówó laptop. Nínú Termux, tó o bá ti tan mouse nínú Vim, ìka ẹ ti di mouse nìyẹn: tẹ ojú fóònù níbi tó o fẹ́, cursor á lọ síbẹ̀. Ẹ wá ní kí ẹni tí bọ́tìnì ẹ̀ ò tóbi ju hóró ẹ̀wà lọ máa tẹ jjjjjjjj torí pé terminal ọdún 1976 ò ní mouse. Ṣé ẹ̀yin náà lè ṣe é?

26/ Ọ̀rọ̀ ara náà wà níbẹ̀. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé mouse ló ń dun ọrùn ọwọ́ wọn, kíbọ́ọ̀dù ló gbà wọ́n. Àwọn míì rèé, títẹ bọ́tìnì méjì mẹ́ta pọ̀ ló ń dun ìka wọn. Àwọn míì ń fi ọwọ́ kan ṣiṣẹ́. O ò lè mọ èyí tí ẹnì kan jẹ́ látinú screenshot. Ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀.

27/ Tó bá sì jẹ́ pé ẹ̀ ń wá orúkọ ńlá kẹ́ ẹ tó gbà, ẹ wo Rob Pike, ọ̀kan lára àwọn mẹ́ta tó dá èdè Go sílẹ̀. Òun ló ṣe editor kan tó ń jẹ́ Acme, fún Plan 9 ní Bell Labs. Acme ò gbé inú terminal, mo mọ̀. Àmọ́ mouse oníbọ́tìnì mẹ́ta ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ nǹkan nínú ẹ̀. Ẹ lọ sọ fún Rob Pike pé kò tíì di programmer, kẹ́ ẹ wá jíṣẹ́ ohun tó sọ fún wa.

28/ Ẹ jẹ́ n padà sọ́dọ̀ àbúrò mi. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo ra bọ́ọ̀lì àti ẹ̀pà, mo lọ sílé wọn. Mo ní, "Jọ̀ọ́, má bínú. Èmi ni mo jẹ̀bi." Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní, "Ẹ̀rín yẹn kọ́ ló dùn mí jù. Mo bi yín ní ìbéèrè, ẹ ò dáhùn." Mi ò mọ ohun tí mo máa sọ. Òótọ́ ni. Ó béèrè ìdí tí cursor ò fi lọ, ìdáhùn ẹ̀ ò ju gbólóhùn méjì lọ. Ní ti tòótọ́, lọ́jọ́ yẹn, èmi náà ò mọ̀ ọ́n.

29/ Ó ṣí laptop ẹ̀ fún mi. nano ló ń lò. Ó ti ka ìwé ìrànlọ́wọ́ ẹ̀ fúnra ẹ̀, ó rí i pé tó bá kọ nano -m, mouse á ṣiṣẹ́. Ó tẹ ìlà kan, cursor fò lọ síbẹ̀. Nọ́ńbà port tó fẹ́ yí yẹn ńkọ́? "Mo ti ṣe é tán lọ́jọ́ kejì." Ọjọ́ kejì! Nígbà tí àwa akọni Vim ṣì ń fi sticker ránṣẹ́ síra wa, ẹni tá à ń fi rẹ́rìn-ín ti parí iṣẹ́ ẹ̀.

30/ Ẹ ṣí Vim láìfi fáìlì kankan sí i, kẹ́ ẹ wo ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹ lè rí i pé ó ń bẹ yín kẹ́ ẹ ran àwọn ọmọdé lọ́wọ́ ní Uganda. Bram Moolenaar lọ ṣiṣẹ́ ní Kibaale ní Uganda lọ́dún 1994, látìgbà yẹn ló sì ti ń fi Vim wá owó fún àwọn ọmọ ibẹ̀, títí tó fi kú lóṣù Kẹjọ ọdún 2023. Ẹni tó ṣe Vim láyè kan ṣoṣo láti bá gbogbo wa sọ̀rọ̀ lójú ẹnu ọ̀nà. Kò lò ó láti sọ bó ṣe yẹ ká gbé ọwọ́. Ó ní ká ran ẹlòmíì lọ́wọ́.

31/ Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ gbìyànjú ẹ̀ lónìí:
– Vim: kọ set mouse=a sínú vimrc
– Neovim: ó ti wà ní títàn
– nano: kọ set mouse sínú nanorc, tàbí kó o fi nano -m ṣí fáìlì
– Emacs nínú terminal: M-x xterm-mouse-mode
– tmux: set -g mouse on
Rántí Shift fún kọ́pì. Kó o wá máa kọ́ àṣẹ kíbọ́ọ̀dù kan lọ́sẹ̀ kan. Èyí tó bá wúlò fún ẹ á dúró, èyí tí kò wúlò á lọ.

32/ Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, nǹkan kan ṣoṣo ni mo fẹ́ lọ́wọ́ yín. Tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bá bi yín pé "kí ló dé tí mouse mi ò ṣiṣẹ́?", ẹ dá a lóhùn. Ẹ jẹ́ kí eku máa ké bí eku, kí ẹyẹ máa ké bí ẹyẹ. Èmi ti yọ set mouse= kúrò nínú vimrc mi. Àbúrò mi náà ti ń kọ́ Vim báyìí, mouse ẹ̀ sì wà ní títàn. Lánàá ló fi ci" ṣe nǹkan kan lójú mi, tó wá bojú wò mí pé, "Bọ̀dá mi, ṣé ẹ rí ìyẹn?"

Mo rí i o. Ó tán. Ẹ̀yin ńkọ́, títàn ni tiyín wà àbí pípa?